Ọmọ Mẹ́sàn-án ní Kúdẹtì
Àsọyé fún àwọn tí ń péjọ sí ilé ìkàwé abúlé

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan gbogbo ilé tí ọmọ wà. Ó jẹ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní JSS, níbi tí ọmọ ti ń lo ọdún 3 lẹ́yìn tí ó bá jáde ìwé mẹ́fà. Ní ọ̀pọ̀ abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, a rí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tí ọmọ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí àlejò bá ti ìgboro dé tí ó rí àga òfìfo, yóò béèrè pé, “Ṣé gbogbo wọn náà nìyí?” Ojú a sì máa ti àwa tí a ni ilé-ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn a tìtorí ìtìjú yìí mú ọmọ tirẹ̀ kúrò, a gbé e lọ fún ìbátan ní ìgboro, àga òfìfo a sì tún lé ọ̀kan.

Mo fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò: kí ni iye ọmọ tí ó wà nínú ìwé orúkọ ń sọ fún wa, kí sì ni kò lè sọ? Èrò tèmi ni pé iye nìkan kò tó láti fi mọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí a mọ ọmọ ta ni ó wà níbẹ̀, kí a sì mọ ọmọ ta ni kò sí níbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Kúdẹtì.

Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Kúdẹtì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1853, David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., àti ìyàwó rẹ̀ Anna, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Hinderer ti kọ́kọ́ wá wo ìlú náà ní 1851, àwọn ìjòyè sì ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kúdẹtì ni wọ́n fi wọ́n sí. Lónìí, àárín ìgboro ni Kúdẹtì wà, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọjà'ba tàbí Màpó dé ibẹ̀. Ọdún tí wọ́n dé náà ni Anna Hinderer, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ ní ìwé. Ọmọ 9 ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ojú òní wo ọmọ 9 yẹn. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ogun tí ọkùnrin lọ àti ẹrú tí ó kó bọ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n ní akọni. Bàbá wo ni inú rẹ̀ yóò dùn pé ọmọ òun jókòó ti ìwé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń di ìbọn mú? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọkùnrin di ojo. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹni tí àgbàlagbà kan ti jókòó rò ó fún, tí ó sì ti pinnu lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Ìjòyè kan wà tí ń jẹ́ Olúńlọ́yọ̀ọ́. Ó mú ọmọ 2 wá: Akínyẹlé, ọmọkùnrin, àti Yéjídé, ọmọbìnrin. Ìjòyè yìí kò sọ pé kí ọkùnrin kọ́kọ́ lọ ná, kí obìnrin dúró de ìgbà mìíràn. Ó fi àwọn méjèèjì lé Ìyá Òyìnbó lọ́wọ́. Orúkọ Yéjídé yìí kò sì parun, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ń jẹ́ ẹ ní Ìbàdàn títí di òní.

Nínú agbo ilé kan náà ni àwọn ọmọ tí a rà padà lóko ẹrú tún wà, àwọn tí ogun ti ya wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wọn. Ọmọ ìjòyè àti ọmọ tí kò ní ẹbí nítòsí jọ ń kọ́ A, B, D kan náà. Ẹni tí ó bá ka iye wọn nìkan yóò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni. Ẹni tí ó bá béèrè ọmọ ẹni tí wọ́n í ṣe yóò rí i pé òkè àti ilẹ̀ ìlú Ìbàdàn ni ó pàdé nínú yàrá náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà rí ìpọ́njú. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta àti Èkó sì dí fún bí ọdún 5. Owó kò lè ti òkè òkun wọlé. Tọkọtaya Hinderer ta nínú ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Wọn kò tìtorí pé ọmọ náà kò pọ̀ kí wọ́n tú wọn ká.

Ní 1869, wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ nítorí àìlera. Anna sì kú ní 1870. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe ni Daniel Olúbí, ọmọ Yorùbá tí ó bá wọn ti Abẹ́òkúta wá, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1899, C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Ní 1950, ilé-ẹ̀kọ́ yìí àti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin C.M.S. ti Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1869, parapọ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ St. Anne's tí ó wà ní Mọlété. Gbòǹgbò ńlá ni ọmọ 9 yẹn ta.

Kúdẹtì nìkan kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ṣí C.M.S. Grammar School ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1859, akẹ́kọ̀ọ́ 6 ni ó wà níbẹ̀. King's College ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1909 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 10. Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kó akẹ́kọ̀ọ́ 104 jọ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Bí wọ́n bá ti fi iye ọmọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn díwọ̀n wọn, kí wọ́n sì tì wọ́n pa, kí ni à bá máa tọ́ka sí lónìí?

Kékeré Àárọ̀ àti Kékeré Alẹ́

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín lè dá mi lóhùn pé: “Ọ̀gá, àwọn tí o dárúkọ wọ̀nyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Tiwa ti pọ̀ rí, ó wá ń dín kù.” Òótọ́ ni ẹni náà sọ. Kékeré àárọ̀ yàtọ̀ sí kékeré alẹ́. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe dé abúlé, àti ohun tí ó ń dín ọmọ inú rẹ̀ kù.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 1954 lé díẹ̀ ní 450,000. Ní 1955 ó lé ní 800,000. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí bí a ṣe ń ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá orí, kí a wò ó bóyá yóò kan etí kejì, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ńkọ́? Girama kò pọ̀, owó rẹ̀ sì wúwo. Ní 1955 kan náà ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dà sílẹ̀, ọlọ́dún 3, fún àwọn ọmọ tí kò ráyè lọ sí girama. Òbí ni ó ń san owó rẹ̀. Ó ran ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé lọ́wọ́ kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ó di 1979, ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ ẹ̀kọ́ girama pàápàá di ọ̀fẹ́. Ìlú àti abúlé dìde, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dá owó, wọ́n ru yanrìn, wọ́n sì kọ́lé. Púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wà láàárín oko títí di òní, àkókò yẹn ni a dá wọn sílẹ̀. Ní 1982, ètò tuntun pín girama sí ọdún 3 àkọ́kọ́ àti ọdún 3 ìkẹyìn. Ọdún 3 àkọ́kọ́ yìí ni a ń wí.

Ilé-ẹ̀kọ́ dúró sí abúlé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ sí ìgboro, wọ́n sì bí ọmọ wọn síbẹ̀. Nínú àwọn tí ó kù, ẹni tí ó ní owó díẹ̀ ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú. Ẹni tí kò ní, ní kété tí ọmọ bá jáde ìwé mẹ́fà, ó fi í sí ẹnu iṣẹ́ telọ tàbí mẹkáníìkì, tàbí kí ó gbé igbá lé e lórí. Nígbà òjò, odò kún, ọ̀nà bàjẹ́. Nígbà ìkórè, oko ń fẹ́ ọwọ́. Bí ọmọ ṣe ń dín kù ni olùkọ́ ń dín kù, nítorí pé iye ọmọ wà lára ohun tí ìjọba fi ń pín olùkọ́. Olùkọ́ kan wá ń kọ́ ìṣirò, ó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó tún ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Òbí rí i, ó ní, “Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ nìyí,” ó sì mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Olùkọ́ tún dín ọ̀kan. Báyìí ni a ń yí po lójú kan.

N kò ní tan yín jẹ: ìyà wà nínú kí olùkọ́ kan máa ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Àmọ́ àǹfààní wà nínú yàrá tí ọmọ kò pọ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ lè gbọ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé sókè lójoojúmọ́. Ó mọ ẹni tí kò wá lánàá, ó sì mọ ilé bàbá rẹ̀. Nínú yàrá tí ọmọ kún fọ́fọ́ ní ìgboro, ọmọ tí kò mọ̀wé lè jókòó sẹ́yìn títí ọdún yóò fi parí kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Bí A Ṣe Lè Ka Ìwé Orúkọ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ọmọ 20 ni ó jáde ìwé mẹ́fà ní abúlé kan lọ́dún yìí, obìnrin 11, ọkùnrin 9. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọlé, ọmọ 12 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé, obìnrin 4, ọkùnrin 8. Ẹni tí ó bá wo 12 nìkan yóò sọ pé, “Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kéré.” Ẹni tí ó bá wo inú rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ 8 ti sọnù lójú ọ̀nà, àti pé 7 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìṣòro abúlé náà kì í ṣe pé ọmọ kò sí. Ọmọ wà, àwọn ọmọbìnrin ni a kò jẹ́ kí ó kọjá.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ iye ọmọ, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: obìnrin mélòó, ọkùnrin mélòó? Ẹ tún béèrè pé: mélòó ni ó ti kíláàsì kìíní dé kíláàsì kẹta? Bí kìíní bá ní ọmọ púpọ̀ tí ẹ̀kẹta ṣófo, ọmọ ń wọlé ṣùgbọ́n wọn kò dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: ọmọ ibo ni wọ́n? Ṣé àwọn tí ilé wọn wà nítòsí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni, tàbí àwọn ọmọ abà tí ó wà lókè odò wà níbẹ̀ pẹ̀lú?

Àwọn kan wà tí a kì í rántí nígbà tí a bá ń ka ọmọ abúlé. Ọmọ alágbàṣe tí bàbá rẹ̀ ti Bẹ́núé wá ṣiṣẹ́ oko wà láàárín wa. Ọmọ Fúlàní tí ó wà ní gáà wà nítòsí wa. Láti 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ darandaran. Ọmọ tí ó ń gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ nítorí pé òbí rẹ̀ wà ní Èkó tún wà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá wà, tí a fi pamọ́ sílé. Bí a bá ka gbogbo wọn, a lè rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní òfìfo kò yẹ kí ó ṣófo rárá. Ní Kúdẹtì, ọmọ tí a rà lóko ẹrú wà nínú àwọn tí ń kàwé. Ta ni àwa yóò sọ fún pé kò sí àyè?

Ohun Tí Òfin Sọ

Ní ọdún 2004, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé. Òfin náà sọ pé ọdún 9 ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ lò ní ilé-ẹ̀kọ́, ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 ní girama kékeré, lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ìwé mẹ́fà kì í ṣe òpin mọ́. Òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ parí ọdún 9 yìí ti rú òfin. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a ó bá a wí. Ní ìgbà kejì, ó lè san ₦2,000 tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ní ìgbà kẹta, ₦5,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 2, tàbí méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wọ̀nyí náà ti rú òfin.

N kò ka òfin yìí láti dẹ́rù bà yín. Mo kà á kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni, àti pé ẹ̀yin pẹ̀lú ní ẹnu láti fi béèrè. Abúlé tí ó bá ní ọmọ nínú ìwé orúkọ ní ẹsẹ̀ láti dúró lé nígbà tí ó bá kọ̀wé sí ìjọba pé kí a fi olùkọ́ ránṣẹ́. Abúlé tí ó kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn kò ní ohun tí yóò nà sókè.

Ohun Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò gba owó púpọ̀. Kí ọgbà tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gba orúkọ gbogbo ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi í wé orúkọ tí ó wà ní girama kékeré. Orúkọ tí ó bá wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ti èkejì, kí àgbà méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, dé ilé ọmọ náà. Kí wọ́n má ṣe lọ bú òbí. Kí wọ́n béèrè ohun tí ó fà á. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni, abúlé lè dá a. Bí ó bá jẹ́ odò ni, kí àwọn ọmọ abà máa bá ara wọn rìn pẹ̀lú àgbàlagbà kan. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni òbí fẹ́, ọmọ lè kọ́ ọ ní ọ̀sán àti ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ ire ọmọ yóò gbà.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wà lọ́wọ́ yín jù. Ọdún 3 kò pẹ́ lójú ọjà, ọjà kò ní lọ. Obìnrin tí ó lè ka ohun tí a kọ sára ìgò oògùn, tí ó sì lè ṣírò èrè àti àdánù, kì í ṣe ẹni tí oníbàárà tàbí aláìsàn inú ilé yóò pàdánù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ máa kọ ìwé orúkọ náà ní òtítọ́. Ẹ má ṣe fi orúkọ ọmọ tí ó ti lọ sílẹ̀ kí iye lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Orúkọ tí kò ní ọmọ lẹ́yìn kò lè kàwé, ó sì ń bo ọmọ gidi tí ó yẹ kí a wá lọ mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn bàbá yín kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú òógùn wọn. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti fi ọmọ sí inú rẹ̀. Kí ọmọ tí ó bá wọlé má baà tó mẹ́wàá, ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, onílé àti àlejò, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n parí ọdún 9 wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, àyè wà.